Ojú Ọmọ Mi Lórí Fóònù Ẹlòmíràn

Nígbà tí eyín fẹ́ hù lẹ́nu ọmọ mi, kò sí aṣọ gbígbẹ mọ́ nínú ilé wa ní Okota. Ọwọ́ méjèèjì ló máa ń kì bọ ẹnu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Itọ́ á ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀, á wọ abẹ́ ọrùn, á sì rin àyà ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin. Mo kọ́kọ́ ń fi í ṣẹ̀rín. Àfi ìgbà tí mò ń wẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo rí i pé àgbọ̀n rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti sú wẹ́wẹ́ títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe fi táwẹ́ẹ̀lì kàn án báyìí, igbe ló fi bọnu.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ rántí. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Òun ló tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn nígbà tí mo fẹ́ bímọ, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lé lọ́wọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mafoluku, níbi tó ti ń po ìpara fún àwọn obìnrin. Mo ya fọ́tò ọmọ mi, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì pè é.

"Àǹtí mi, ẹ wo ojú ọmọ yín. Ṣé kí n wá gba díẹ̀ nínú ìpara tí ẹ máa ń pò?"

Ó lọgun. "Ìpara bíi ti báwo? Má fi ìpara kankan kan ọmọ yẹn lójú o! Itọ́ ló ń jẹ ẹ́ lára. Awọ ọmọdé ò gba kẹ́míkà. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún, má fi aṣọ ha á, ńṣe ni kó o máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí á fi gbẹ. Tó bá ti gbẹ, fi fasilíìnì tí kò lóòórùn pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tó jẹun àti kó tó sùn, kí itọ́ má baà ráyè kàn án lára. Tí bíìbù tó ń gba itọ́ lọ́rùn rẹ̀ bá tutù, yáa bọ́ ọ, kó o fi òmíràn sí i. Tí ojú ibẹ̀ bá wá ń ṣomi, tàbí ara rẹ̀ ń gbóná, gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì."

Bó ṣe wí ni mo ṣe. Mo gé ẹ̀wù òwú àtijọ́ tí bàbá ọmọ ò wọ̀ mọ́, mo fi rán bíìbù. Mo kó wọn fún ìyá àgbà tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, tó máa ń bá mi tọ́jú ọmọ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, mo sì ṣàlàyé fún un. Kò pẹ́ tí ara ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ tún ń dán. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo kírun tán, mo fi ẹ̀gbọ́n mi sínú àdúà.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó síbi ògiri, à ń wo bí wọ́n ṣe ń já ẹrù nínú tírélà. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bíi tèmi, na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi wo ìpara yìí. Itọ́ ti ba ọrùn ọmọ mi jẹ́. Mo fẹ́ rà á."

Fọ́tò méjì ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi ló wà lápá òsì: àmì dúdú tó wà lẹ́bàá etí rẹ̀ rèé, aṣọ àtẹ́sùn mi rèé lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí mi ò mọ̀ rí, tó pupa, tó sanra, ló wà lápá ọ̀tún. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá ọmọ yìí ò ráyè tọ́jú rẹ̀, pé ìgbà tí wọ́n gbé e wá, ojú rẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ tán, pé ìpara yìí ló wò ó sàn. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi ló wà nísàlẹ̀.

"Ta ló bí ọmọ yìí?" Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò mọ ìgbà tó jáde.

"Mi ò mọ̀ o. Ọ̀lẹ obìnrin kan ṣá ni."

"Èmi ni mo bí i."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kó má ra ìpara náà. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọmọ mi fún un, láti orí omi dé orí fasilíìnì. Mi ò lè sọ fún un pé ẹni tó po ìpara náà gan-an ló kọ́ mi.

Bí a ṣe ṣíwọ́, Mafoluku ni mo kọrí sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń ro ìpara nínú ike nígbà tí mo wọlé.

"Àǹtí mi, kí ni ọmọ mi ṣe fún yín?"

Kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló dé. "Ṣé mo dárúkọ ẹ ni? Ta ló mọ̀ pé ọmọ ẹ ni?"

"Ẹ ní kí n má fi ìpara kankan kàn án."

"Ọmọ tèmi nìyẹn! Àwọn wọ̀nyẹn, oníbàárà ni wọ́n. Ọjà ni mò ń tà."

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin kan pọn ọmọ wọlé, ó ní òun wá ra ti itọ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó dùn bí oyin: "Ẹ káàbọ̀, ìyá dáadáa." Ohùn tó fi máa ń ké sí mi náà nìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo kọjú sí obìnrin náà. "Ẹ má bínú, ẹ gbé ọmọ yín lọ bá nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ló wà nínú fọ́tò yẹn, kò lo ìpara yìí rí."

Obìnrin náà wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"O ba ọjà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Omi lé sójú rẹ̀. Ó yọ fọ́tò náà kúrò lórí fóònù rẹ̀ níṣojú mi, àmọ́ àwọn tó ti fi ránṣẹ́ síra wọn ti fi ránṣẹ́.

Kí n tó délé, ìyá wa ti pè mí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí wọn, ohùn ibẹ̀ sì máa ń jáde tínú bá ń bí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló tọ́ ẹ dàgbà, ìwọ wá lọ dójú tì í níwájú oníbàárà. Lọ bẹ̀ ẹ́." Mo ní, "Màmá, ọmọ mi ńkọ́?" Wọ́n ní fọ́tò kì í pa ọmọ. Mi ò lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ iléyá ni a tó ríra, nílé ìyá wa. Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó bi mí pé, "Ara ọmọ ńkọ́?" Mo ní ó ti dá, pé eyín méjì ti hù. Ó na ọwọ́ láti gbà á. Mo ní ó fẹ́ jẹun, mo sì gbé e wọ yàrá lọ. Ebi ò tíì pa á. Etí ibùsùn ìyá mi ni mo jókòó sí, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mò ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn àlejò níta.