Aṣọ Ojú Fèrèsé Hàjíà Àmínátù

Ìdíátù Àkànkẹ́ kì í pariwo mọ́ èèyàn. Yíyínmú ló máa ń yínmú. Bí oníbàárà bá ná aṣọ rẹ̀ ní ìnákúnàá, kò ní bú u. Yóò wò ó láti òkè délẹ̀, yóò yínmú, yóò sì ká aṣọ rẹ̀ padà wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ẹni náà ti lọ. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń ta àǹkárá ní Cow Lane, ọ̀nà ọjà kan ní Accra, kò sì sí ẹni tó ń tajà ní ọ̀nà náà tí kò tíì yínmú sí rí.

Sabon Zongo, àdúgbò kan ní Accra, ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn, tí bàbá rẹ̀ sì fi ilé tó fi òógùn kọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ru búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀. Wọ́n padà sí Ọ̀fà. Àwọn ọmọ Ọ̀fà ń pè é ní ọmọ Gáná. Nígbà tó pé ogún ọdún, ó tẹ̀lé ọkọ padà sí Accra, àwọn ará Accra wá ń pè é ní Àlàtà, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó wá láti Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ẹnu ayé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bẹ̀rù. Ọkọ ti kú báyìí, àwọn ọmọ ti lọ sí Kumasi, aṣọ àti ẹ̀gàn ló kù tó ń bá a gbé.

Ohun tí kò gàn kò ju méjì lọ: iṣẹ́ ọwọ́ tó dára, àti kéwú tó kọ́ lọ́dọ̀ Àáfà àgbà ní Sabon Zongo, kí wọ́n tó lé wọn lọ àti lẹ́yìn tó padà dé. Àáfà àgbà ti di olóògbé. Mùsbáù ọmọ rẹ̀ ló bọ́ sí àyè rẹ̀, Mùsbáù tí Ìdíátù pọ̀n nígbà tó wà ní jòjòló. Ó ti di onírùngbọ̀n, ó ní mọ́sálásí kékeré kan tó ń darí, gbohùngbohùn rẹ̀ sì tóbi ju mọ́sálásí náà lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ìdì aṣọ kan tó ní àléébù wọ ọjà Ìdíátù. Ẹyẹ ló kún ara aṣọ náà, àwọ̀ rẹ̀ sì dára, àmọ́ ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ ti fo ibì kan, kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀ tó ní orí. Ojú ń ti Ìdíátù láti pàtẹ rẹ̀. Hàjíà Àmínátù, olówó kan láàárín àwọn Yorùbá Accra, ló wá rà á, gbogbo rẹ̀ pátá.

"Ojú fèrèsé ni mo fẹ́ fi bò," ni Hàjíà wí. "Ilé mi tó wà ní Tema. Ojú àwọn tó ń kọjá ti pọ̀ jù níbẹ̀."

"Ẹ ti rí èyí tó bá a mu," ni Ìdíátù dáhùn. "Ẹyẹ tí kò lórí kò lè ròyìn ohun tó rí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn Hàjíà, ó kúnlẹ̀ kí Ìdíátù, ó sì gbé ìdì aṣọ náà rù. Fáìsátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìnísà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Hàjíà ní òun mú un wá láti ilé kó lè máa bá òun tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdíátù kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ni yóò fura sí Hàjíà? Ó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, òun ló sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí mọ́sálásí Àáfà Mùsbáù láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí. Àwọn ọkùnrin tó ń fi iwájú orí kan kápẹ́ẹ̀tì náà lójoojúmọ́ kò béèrè ohun tí ẹni tó rà á ń tà. Ìdíátù náà kò béèrè. Inú rẹ̀ ń dùn pé aṣọ alábùkù ti kúrò lọ́rùn òun.

Àṣà kan wà láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní Accra. Bí wọ́n bá mú ọmọbìnrin wá láti ilé láti wá kọ́ṣẹ́ tàbí tajà, wọ́n á kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ Àáfà. Ọmọ náà á gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, á búra pé òun kò ní jalè, òun kò ní sá, òun kò ní fi ọ̀gá òun sílẹ̀ kí ọdún tí wọ́n dá tó pé. Èyí ló ń jẹ́ kí ọkàn àwọn òbí tó wà nílé balẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni Hàjíà mú wá láàárín ọdún kan, Fáìsátù wà nínú wọn, Àáfà Mùsbáù ló sì mú gbogbo wọn búra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹni tó ń retí àgbò Iléyá lọ́wọ́ èèyàn kì í bi í ní ìbéèrè púpọ̀.

Lọ́jọ́rú kan, obìnrin Gà kan wá ra aṣọ, ó ní òun fẹ́ rí irú sítáì tí wọ́n lè fi rán. Sàká télọ̀ ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Ìdíátù, inú fóònù rẹ̀ ni àwòrán àwọn sítáì wà. Bí Ìdíátù bá ti ní oníbàárà, á na ọwọ́ mú fóònù náà, á sì fi han ẹni tó ń rajà. Lọ́jọ́ náà, Sàká àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan dorí kodò lé fóònù náà lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìdíátù na ọwọ́, ó já a gbà.

Kì í ṣe sítáì ló wà níbẹ̀. Fídíò obìnrin oníhòòhò ni. Ìdíátù ti fẹ́ sọ fóònù náà lu Sàká kó tó rí ohun tó wà lẹ́yìn obìnrin náà: àwọn ẹyẹ tí kò lórí. Ló bá wo ojú obìnrin náà. Fáìsátù ni. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ wà lára ẹnì kan tí kò hàn nínú àwòrán, bí ojú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe máa ń wà lára ọ̀gá tó mú pàṣán lọ́wọ́.

Ó pa fóònù náà dé. Ó ní kí obìnrin Gà náà máa bọ̀ lọ́la.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni Sàká ń wí. "Wọ́n kàn fi ránṣẹ́ sí mi ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ìwọ náà ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn?"

Sàká na ọwọ́ láti gba fóònù rẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ló ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àbí wọn ò rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ara rẹ̀ lẹ wò tán," ni Ìdíátù wí, "ojú rẹ̀ nìkan lẹ ò wò."

Sàká yìí kì í bá ìyàwó rẹ̀ sọ ju gbólóhùn méjì lọ lóòjọ́. Bí obìnrin bá wá gba ìwọ̀n, á wò ó bí ẹni pé ó ti rí ohun tó wà lábẹ́ ìró rẹ̀. Ìdíátù ti rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó wá mọ ibi tí Sàká ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìdíátù lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Wọ́n lọ sí Tema, wọ́n bi Fáìsátù léèrè, ó ní ara òun le, òun kò fẹ́ lọ sí ibì kankan. Wọ́n padà. Ní ọjọ́ kejì, Ìdíátù wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, lọ fúnra rẹ̀. Ó rí ilé náà láti ọ̀nà jíjìn nítorí aṣọ rẹ̀ tó wà lójú fèrèsé. Hàjíà kò sí nílé. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé, ó pe orúkọ ọmọ náà, Fáìsátù sì ká aṣọ náà díẹ̀.

"Mo ti rí fídíò náà. Ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín ni?" ni Ìdíátù béèrè.

"Wọn kì í tì í, Mà."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò jáde?"

"Mo ti búra, Mà. Mo gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì. Mo ní bí mo bá fi ọ̀gá mi sílẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó pé, tàbí tí mo tú àṣírí ilé rẹ̀, kí n má fojú kan ìyá mi mọ́." Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìgbà tí a débí la mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, Hàjíà á rán an létí ìbúra. Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní, Mà."

"Bí wọ́n bá tú ìbúra náà ńkọ́? Bí mo bá ṣe ìtánràn rẹ̀ ní orúkọ gbogbo yín?"

Fáìsátù wò ó. "Tí Àáfà bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, Mà, màá gbà á gbọ́."

Nínú tròtrò tí ó ń gbé e padà, Ìdíátù fi ìborùn bo ojú, ó sunkún. Àánú ọmọ náà ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tì í. Aṣọ tó yẹ kó dáná sun ló tà, ó tún fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àáfà Mùsbáù, omi ojú ti gbẹ. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Àáfà ń fi tẹ̀sùbáà ṣeré lọ́wọ́.

"Ìbúra kì í ṣe nǹkan eré, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Hàjíà náà kì í sì í ṣe ẹni tí a máa ń dójú tì."

"Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ mú ọmọ náà búra fún, Àáfà. Ṣé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe?"

"Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ dáadáa. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mò ń sọ."

"Níbo lẹ ti rí i?" ni Ìdíátù béèrè.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àáfà.

"Àáfà, mo ní níbo lẹ ti rí i?"

"Àwọn èèyàn ló fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe wáàsí lé lórí."

Ìdíátù yínmú. Nínú gbogbo ohun tó ti yínmú sí láti ogójì ọdún, kò sí èyí tó tó báyìí.

"Mùsbáù," ló wí, kò pè é ní Àáfà mọ́. "Ẹ̀yìn mi yìí lo máa ń tọ̀ sí. O mọ́ nígbà yẹn ju báyìí lọ. Bàbá rẹ ló kọ́ mi pé ìbúra tó bá so èèyàn mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, dídà ló yẹ kí wọ́n dà á, kí wọ́n sì bọ́ tálákà mẹ́wàá. Màá se wáákyè lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìwọ lo máa sọ pé ìbúra náà ti tú. Bí o kò bá sọ ọ́, èmi yóò gba gbohùngbohùn rẹ, màá sì sọ ohun tí o fi ojú ara rẹ rí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà náà síwájú mọ́sálásí. Tálákà mẹ́wàá jẹun. Àwọn àgbààgbà tó máa ń jókòó ní sàfù àkọ́kọ́ náà ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ìdíátù ní oúnjẹ ìtánràn ni, tálákà nìkan ló wà fún, ó sì dé ìkòkò náà lójú wọn.

Ó wá pe Sàká, ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́nu Àáfà, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òógùn bo Àáfà, ó sì sọ̀rọ̀: "Èmi Mùsbáù ni mo mú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta búra fún Hàjíà Àmínátù. Ìbúra náà kò tọ́, ó ti tú, wọ́n ti ṣe ìtánràn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí lọ́rùn wọn. Kí wọ́n máa lọ sílé ìyá wọn."

"Gbogbo ẹni tí o fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí," ni Ìdíátù wí fún Sàká, "fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí wọn. Má fo ẹnì kan."

"Ìyá, wọ́n á mọ̀ pé irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn."

"Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Irú wọn náà ni."

Ọ̀nà tí fídíò náà gbà lọ ni ohùn Àáfà gbà. Ó wọ fóònù àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn awakọ̀, ó wọ ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin kan tó wá sílé Hàjíà tẹ̀ ẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà lè gbọ́. Ó rò pé àwàdà ni. Fáìsátù bẹ̀ ẹ́ kó tún un tẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dìde, wọ́n sì gba ẹnu ilẹ̀kùn tí wọn kì í tì jáde. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n sọ tẹnu wọn, àwọn ọlọ́pàá sì mú Hàjíà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọbìnrin náà dé Cow Lane. Sàká rí wọn, ó sì tẹrí mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Fídíò náà ṣì wà nínú fóònù àwọn tí ẹnì kankan kò mọ̀, kò sì sí tálákà mẹ́wàá tí wọ́n lè bọ́ kí ìyẹn lè tú. Ìdíátù mọ̀ ọ́n, Fáìsátù náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹyẹ tí kò lórí wà lábẹ́ apá ọmọ náà, ó ká wọn dáadáa.

"Kí lo gbé ìyẹn wá fún?" ni Ìdíátù béèrè. "Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún, Mà," ni Fáìsátù wí. "Mo tú u kúrò lójú fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè máa rí inú ilé."