Ta Ni Ìyá Ilé-Iṣẹ́ Yín?

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé àdúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, màá ní kó lọ fomi bọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Igbó Ẹfọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó orí wọn. A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ajah, bíríkìlà, káfíńtà àti akunlé tí wọ́n wá láti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré kan. Èmi ni mo dá a lábàá fún Màdáàmù, ọ̀gá wa tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

"Òfin wà, mà. Bí ilé-iṣẹ́ bá ta ẹgbẹ́ àdúgbò tí ìjọba mọ̀ lọ́rẹ, tí ẹgbẹ́ náà sì kọ lẹ́tà pé àwọn rí i gbà, wọ́n á yọ ọrẹ yẹn kúrò nínú èrè wa kí wọ́n tó ṣírò owó orí."

"Tí lẹ́tà ò bá wá ńkọ́?"

"Á wá, mà. Ẹ fi sí mi lọ́rùn."

Ọrùn ara mi nìyẹn o, tí mo fẹnu ara mi fà kalẹ̀.

Ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ owó orí máa wá yẹ ìwé wa wò ni lẹ́tà dé. Méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́: ọ̀kan sí mi, ọ̀kan sí Màdáàmù. Mo tú tèmi. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa," orúkọ mi tẹ̀ lé e gbàgàdà, "ọmọ," orúkọ ìyá mi, "tó gbẹ́ omi fún wa." Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Mo rántí ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì wa tó pín ìrẹsì ilé-iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bí ẹni pé òun ló rà á. Ọjọ́ tí wọ́n lé e, ẹ̀ṣọ́ ló sìn ín dé géètì. Màdáàmù ò tiẹ̀ bojú wo wíńdò.

Mo wakọ̀ lọ bá Bàbá, alága ẹgbẹ́ náà, bíríkìlà àgbà kan tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti pa mí o!"

"Òkú tó ń wakọ̀? Jókòó, kí o mu nínú omi ẹ."

"Kì í ṣomi mi, Bàbá! Ilé-iṣẹ́ ló ni ín!"

"Ọjọ́ tí a ṣí i, a ní ta ni ká ṣàdúrà fún, o dárúkọ ara ẹ. A béèrè ìyá ẹ, o dárúkọ ìyá ẹ. O tún ní kí wọ́n ya fọ́tò."

Òótọ́ ni. Ta ló máa gbọ́ orúkọ ìyá ẹ̀ nínú àdúrà tí inú ẹ̀ ò ní dùn? Orúkọ ẹni àti ti ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàdúrà níbẹ̀, inú ìwé àdúrà ọjọ́ náà sì ni akọ̀wé wọn ti da lẹ́tà kọ.

"Ẹ bá mi kọ òmíràn, Bàbá. Kí ẹ dárúkọ ilé-iṣẹ́."

"A kì í fọwọ́ síwèé ọpẹ́ fún ẹni tí a ò tíì ṣàdúrà fún. Ta ni ìyá ilé-iṣẹ́ yín?"

"Ilé-iṣẹ́ ò níyàá, Bàbá."

"Ọmọ òrukàn ni?" Ó mirí, bí ẹni tí àánú ṣe. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣì wà ní sáìtì. Padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Bá wa béèrè ìyá ẹ̀ wá."

Bí mo ṣe ń padà, ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì VGC nawọ́ dá mọ́tò ẹlòmíràn dúró. Èmi tí ọ̀rọ̀ ò kàn ni mo tẹ búréèkì. Àṣé ẹni tó ń bẹ̀rù, gbogbo ọwọ́ tí wọ́n bá gbé sókè, tiẹ̀ ni.

Nígbà tó di àárọ̀, Màdáàmù ti pè mí. Lẹ́tà wà níwájú rẹ̀, òṣìṣẹ́ owó orí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìwọ lo gbẹ́ kànga?"

"Rárá, mà. Ilé-iṣẹ́ ni. Èmi kàn jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi ni." Ohùn mi dà bíi ti òròmọdìyẹ tí òjò pa.

Òṣìṣẹ́ owó orí mirí. "Lẹ́tà yìí ò lè ṣiṣẹ́, mà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ lòfin fẹ́ rí. Mo wà níbí di aago méjìlá."

"O gbọ́," Màdáàmù wí. "Tí aago méjìlá bá lù tí lẹ́tà ò sí lórí tábìlì yìí, má padà wá."

Nígbà tí mo dé Ajah, wọ́n ti tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Lẹ́tà tuntun wà nílẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ gaara, àyè ìfọwọ́sí sì ṣófo. Bíírò wà lápò Bàbá.

"Ìyá ẹ̀ dà?"

Mo wo aago. Mo wo bíírò. Mo pe Màdáàmù.

"Mà, ẹ má bínú. Wọ́n fẹ́ ṣàdúrà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ń béèrè orúkọ... orúkọ ìyá yín, mà."

Mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì ṣe ń kùn. Mo rí ara mi lẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ kan, orúkọ ayé àtijọ́, ní ohùn tí n ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Bàbá tún un pè. Gbogbo wọn la àtẹ́lẹwọ́. Mo gbé fóònù sáàárín wa. Nígbà tí gbogbo wọn ti ṣe àmín tán, tí mo fẹ́ pa fóònù, mo gbọ́ àmín Màdáàmù, ó kéré, ó sì pẹ́ dé.

Bàbá ṣí bíírò. "Ṣé o rí i," ó ní, ó ń fọwọ́ síwèé, "ó níyàá."