Àwòrán Fèrèsé Ìyáàfin Bickerdike

Cyril Ogden kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ogójì ọdún ni ó fi wa ọkọ̀ èrò ní Skipton, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́kànlélógún nínú rẹ̀ ni ó sì fi ń pín ìwé ìpolongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ó mọ ilẹ̀kùn tí ajá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ èyí tí ihò tí a ń ti lẹ́tà bọ̀ lára rẹ̀ máa ń há ènìyàn níka, ó sì mọ ilé tí wọn yóò ti sọ pé, "Ẹ ṣeun, a ò rà." Ohun tí ó fi ń yangàn jù ni pé òun kò parọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Nígbà ìdìbò gbogbogbòò tó kọjá, ó kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Bickerdike, opó ẹni ọgọ́rin ọdún tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ìyá náà kò dìbò fún ẹgbẹ́ Cyril rí.

"Cyril, ẹgbẹ́ yín ò wù mí. Olórí yín yìí nìkan ló wù mí. Tí mo bá dìbò fún yín, ṣé òun ló máa jókòó sípò olórí ìjọba?"

"Ọdún márùn-ún gbáko, Ìyáàfin. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá mú mi."

Ìyá dìbò. Cyril fúnra rẹ̀ ni ó fi téèpù lẹ àwòrán olórí náà mọ́ fèrèsé ìyá náà.

Ẹgbẹ́ náà wọlé, olórí wọn sì di olórí ìjọba, ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì tí ọjà fi gbówó lórí, tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ fi ń ráhùn pé àwọn yóò pàdánù ìjókòó àwọn. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní Skipton kọ lẹ́tà sí aṣòfin wọn pé kí ó bá wọn yọ olórí náà kí ìdìbò mìíràn tó dé. Wọ́n gbé lẹ́tà náà yí tábìlì ká pẹ̀lú tíì. Bisikíìtì ṣì wà lẹ́nu Cyril nígbà tí ó fọwọ́ sí i.

Olórí ṣubú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé ìdìbò dé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nílé: orúkọ méjì, kí wọ́n mú ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá mú ni yóò ṣe olórí ìjọba. Nínú ilé mẹ́tàdínlógójì tó wà ní òpópónà náà, ilé Cyril nìkan ni irú rẹ̀ dé. Ó wo òdìkejì ọ̀nà. Oòrùn ti mú kí àwọ̀ àwòrán náà ṣá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣì wà ní ẹnu rẹ̀.

Cyril ka àwíjàre rẹ̀ fún ara rẹ̀. Èkíní, aṣòfin ni ará ìlú ń dìbò fún, kì í ṣe olórí ìjọba. Èkejì, àwọn aṣòfin ni wọ́n ń gbé olórí ró. Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ kejì náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó mú ìwé náà, ó sọdá.

"Ìyáàfin, ẹ̀yin ni kí ẹ mú ọ̀kan. Ibi tẹ́ ẹ bá ní ni màá fàmì sí."

Ìyá wo ìwé náà, ó wo ojú rẹ̀. "O jẹun tán, o wá gbé àwo wá fún mi kí n lá? Orúkọ ẹni tí mo dìbò fún dà? Ta ló lé e?"

"Àwọn aṣòfin ni."

Cyril fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà. "Àti èmi náà. Mo fọwọ́ sí lẹ́tà."

"Ìwọ tó ní kí n wá mú ọ! Ọmọ yìí, orúnkún tó ń ro mí yìí ni kí n fi lé ọ?"

"A ò rú òfin kankan, Ìyáàfin."

"Mi ò bá òfin sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìwọ ni mo bá sọ̀rọ̀." Ó nawọ́ sí fèrèsé. "Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́. Wá yọ ọ́."

Cyril yọ ọ́. Àmì téèpù mẹ́rin kù lára gíláàsì. Ó fi èékánná ha á títí, kò kúrò.

Nígbà tí ó dé ilé, kò fa àmì sí orúkọ kankan. Ó kọ ọ́ gbọọrọ lórí orúkọ méjèèjì pé, "Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú dìbò," ó sì lọ jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Ó mọ̀ pé ìbò tó bàjẹ́ ni wọn yóò kà á sí. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ṣí aṣọ fèrèsé rẹ̀ ní òwúrọ̀, àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni ojú rẹ̀ ń kọ́kọ́ bà lé.