Ọkọ́ Tí Bámidélé Gbé Wọ Oko Àna Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi, Akínyẹlé alágbẹ̀dẹ, nígbà tí inú ṣì ń bí mi. Bí inú mi bá rọ̀ tán, mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í bo àṣírí ẹlòmíràn.

Ní gbogbo Òkè-Ìlá l'Adó, ọkọ́ bàbá mi ni wọ́n fi ń kọ ebè. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, bàbá mi sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lu ẹnu ọkọ́ títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n bó bá fẹ́ jẹun. Bí ẹnu ọkọ́ náà bá jẹ dé ìdajì, wọ́n á gbé e padà wá, á tún un rọ di kékeré tí obìnrin lè fi roko. Ó rọ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ fún èmi Mosúnmọ́lá nígbà tí mo ń lọ ilé ọkọ.

Ìgbà tó yá, ọkọ́ òyìnbó dé. Ó ń dán, ó sì dínwó. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn tó ń pe bàbá mi ní "Bàbá wa" ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má baà rí wọn. Odidi ọdún méjì ni ọkọ́ méjìlá fi wà lára ògiri àgbẹ̀dẹ, tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè wọn.

Ọdún kejì yẹn ni ọkọ mi, Bámidélé, wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá mi, bí àna ti ń ṣe. Ó kó ọ̀rẹ́ mọ́kànlá wọ oko, gbogbo wọn gbé ọkọ́ òyìnbó kọ́ èjìká. Oko alágbẹ̀dẹ o. Mo gbé oúnjẹ dé, mo rí wọn, ojú gbà mí tì.

Mo bi ọkọ mi pé, "Bàbá Ẹ̀bùnọlá, ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ tí àna yín ń ṣe ni?"

Ó ní, "Ṣebí ọkọ́ náà ni."

Bàbá mi kàn fi ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mẹ́fà nínú ọkọ́ wọn ti ká kò lórí òkúta. Iṣẹ́ dúró. Bàbá mi lọ sílé, ó ru méjìlá ara ògiri wá, ó fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ebè náà tán.

Ó ní, "Ẹ máa mú wọn lọ. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra ọkọ́, ẹ rántí mi."

Rántí kẹ̀! Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra tàwọn ọmọ wọn, ìsọ̀ ọkọ́ òyìnbó ni wọ́n tún gbà lọ. Bámidélé sọ tirẹ̀ nù sóko, ti òyìnbó lòun náà fi rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi paná àgbẹ̀dẹ. Kò sí àìsàn kan lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló kàn ń jókòó sí, títí ó fi kú.

Àna ló ń gbẹ́ sàréè fún àna nílé wa. Bámidélé gbé ọkọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀, kò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tí ọkọ́ fi ká kò. Ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, òógùn bò ó.

Ó ní, "Mosún, ṣé Bàbá ò ṣẹ́ ọkọ́ kankan kù ni?"

 Mo lọ mú ọkọ́ kékeré tí Bàbá rọ fún mi, mo bọ́ sínú kòtò náà lójú gbogbo wọn. Wọ́n ní obìnrin kì í gbẹ́ sàréè. Mo ní kí ẹni tí ọkọ́ tirẹ̀ ò bá tíì tẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Èmi ni mo gbẹ́ ẹ tán.