Àbúrò Mi àti Ihò Òkété

Èmi ni mo kọ́ ilé tí ìyá wa ń gbé. Bíríkìlà ni mí, ọwọ́ ara mi ni mo fi to gbogbo ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkété gbẹ́ ihò sẹ́yìn yàrá Ìyá, tí ilẹ̀ abẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ta ni wọ́n ránṣẹ́ sí? Àbúrò mi. Alágbàfọ̀!

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pè é láti kékeré. Bó bá ń lọ aṣọ, wàá rò pé ọmọ tuntun ló ń tẹ́ sùn. Kòkòrò tó bá bà sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, yóò dúró dè é títí tí yóò fi fò lọ. Gbogbo àlejò ni Ìyá ń sọ ìtàn yìí fún. Wọn kì í sọ ti ògiri. Owú rẹ̀ ń jẹ mí, n kò ní purọ́. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà; eegun nìkan ló kù ní tèmi.

Mo ní ká da omi gbígbóná sínú ihò, kó parí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní rárá, ẹlẹ́mìí ni. Ihò náà ní ẹnu méjì. Ó ki àkísà olóòórùn bọ ọ̀kan, ó bu eérú sẹ́nu èkejì.

"Bó bá ti jáde, a máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eérú, ká tó dí i."

Ìyá ń kan sáárá sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo rí ẹsẹ̀ lórí eérú, ó kọjú síta. N kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo po sìmẹ́ńtì, mo dí ẹnu méjèèjì, mo dán an títí ó fi jọ̀lọ̀. Ìyá jáde, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú sìmẹ́ńtì náà.

"Ọmọ mi, ìwọ lo ṣe èyí? O mà mọṣẹ́ o!"

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Orí mi wú.

Kò pẹ́ tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi dé. Ó bẹ̀rẹ̀ wo eérú tó kù, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá òkété nìkan ló jáde. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ná."

Mo gbé etí lélẹ̀. Ohùn tín-ín-rín ń dún nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni.

"N kò ní sọ fún Ìyá," ni àbúrò mi wí. Inú túbọ̀ bí mi: bó ṣe ń ṣàánú òkété ló ń ṣàánú èmi náà.

Mo wo iṣẹ́ mi. Mo wo Ìyá tí wọ́n ti ń pe aládùúgbò wá wò ó. Mo gbé òòlù.

"Ṣé orí rẹ pé báyìí?" Ìyá figbe ta. "Wèrè ló ń fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀!"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tètè dáhùn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ́ ọ, Ìyá."

"Áà, ìwọ ni?" Ohùn wọn rọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Á jẹ́ pé ó nídìí."

Sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ, ó fọ́ wẹ́rẹ́. Imú kékeré mẹ́ta yọ. A kúrò níbẹ̀, a fi ihò sílẹ̀ kí ìyá wọn lè wá kó wọn lọ. Inú mi dùn pé wọ́n yè. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra pé Ìyá kò rò ó rárá pé èmi náà lè nídìí.