Etí Mọ́mì

Lánàá, mo ṣí ọ̀rá ata rodo, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ìsọ̀ Mọ́mì ní ọjà Mile 12. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Mọ́mì ń ṣa ata tó ti jẹrà, èmi ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá mi sókè: "Take a seat. Take your time. Take care."

Mọ́mì ní, "Tún un kà. Etí ń dùn mí, mi ò gbọ́ dáadáa."

Mo tún un kà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ètè wọn ń mì jẹ́jẹ́. Mo yọjú wo inú etí wọn. Mi ò rí nǹkan kan.

Oníbàárà kan dé, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́mì fi ìró nu àpótí. "Madam, take a seat."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé etí kankan ò dùn wọ́n.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí oníbàárà náà lọ, mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ṣé etí yín ti sàn?"

"Ó ti ń sàn. Mú ìwé yẹn wá lọ́la."