Èémí Inú Orin Ìkẹyìn

Bí mo bá rántí Ẹ̀gbẹ́dá ní ìgbà owó epo, òórùn gaàrí tí ìyá onílé wa ń yan lẹ́yìnkùlé ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú. Opó ni ìyá náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, la háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ra giramafóònù oníbátìrì. Èmi ra ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà àti bàtà onígìgísẹ̀ gíga, mo sì gbà láti ọjọ́ náà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa orin rọ́ọ̀kì mọ́.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà tí a fẹ́ràn bí ẹ̀mí, àwọn ọ̀dọ́ Èkó kan tí jìtá wọn ń ké bí ààrá. Nígbà tí àwo wọn tuntun jáde, gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń wá láti Ìkòtún àti Ìgàndò, tí a ó máa jiyàn lórí orin tó kẹ́yìn ní ojú kejì. Orin náà falẹ̀. Láàárín rẹ̀, jìtá á dákẹ́, obìnrin kan á máa kùn láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, a ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń fa èémí, fíì, fíì, kó tó tún gbé ohùn sókè. Ọ̀rẹ́ mi ní ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo àwo náà. Èmi ní ibẹ̀ ló bà á jẹ́.

"Àṣìṣe ni," ni mo máa ń sọ. "Olórin tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí a gbọ́ èémí òun."

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni jàre," ni ọ̀rẹ́ mi á fèsì. "Orin ìbànújẹ́ ni. Ṣé kí ẹni tó ń sunkún má mí ni?"

Lọ́jọ́ kan, àriwo wa ti gba ilé kan nígbà tí mo rí ìyá onílé lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó wá bá wa wí ni.

"Ẹ tún fi sí i kí n gbọ́," ló wí.

A tún fi sí i. Ó di òpó ilẹ̀kùn mú títí obìnrin inú orin náà fi dákẹ́.

"Kì í ṣe àṣìṣe, wọn ò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ikọ́ fée ni. Láti kékeré ló ti ń ṣe é. Ọmọ mi nìyẹn."

Ìgbà yẹn la tó gbọ́ pé ó bí ọmọbìnrin kan, tí bàbá rẹ̀, nígbà tó wà láyé, lé jáde nílé nítorí orin kíkọ, tí kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Inú wa dùn. A rò pé a ti bá ìyá wá ọmọ rẹ̀ rí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a mú un lọ sí Yábàá níbi tí ẹgbẹ́ náà ti ń dánrawò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Onijìtá ẹgbẹ́ náà, tí a ti ń fi orúkọ rẹ̀ búra, tẹ́tí sí ìyá náà tán, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti kú kí àwo tó jáde, àìsàn èémí náà ló pa á, àwọn sì ti sin ín. Ó ní àwọn bi í títí nípa àwọn èèyàn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ọmọ náà ní òun kò ní ìyá.

Ìyá onílé kò sunkún. "Ẹ ṣeun tí ẹ sin ín," ló wí, ó sì yíjú sí ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi sọ fún wọn pé giramafóònù ti bàjẹ́. A kò jiyàn lórí orin náà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá náà tún mẹ́nu kàn án. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fa omi ní kànga, ó ní, "Àwo yẹn, ṣé àwọn èèyàn ń rà á?"

"Wọ́n ń rà á gan-an, Màmá," ni mo wí. Òótọ́ ni. Ó mi orí, ó wọlé.

Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nígbà èwe, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tí kò rí nǹkan míì sọ ni. Nísinsìnyí, mo ti dàgbà ju bí ìyá onílé ṣe wà nígbà náà lọ, ọmọbìnrin mi sì wà lókè òkun, lẹ́nu iṣẹ́ kan tí n kò fẹ́ fún un, tí a ti jà lé lórí gan-an. Tó bá pè mí, mo máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí. Nígbà míì, á dánu dúró, á ní, "Dádì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Màá ní mo wà níbẹ̀.